Kíkun Àwòrán ní Ìta Gbangba, àti Àwọn Tí Ń Pè É ní Iṣẹ́ Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, òun náà ni pé ìyàrá ni ibi ẹ̀kọ́, ìta sì ni ibi eré. Nípa ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń dá ara wọn láre nígbà tí wọ́n bá fi ọmọ tí ń kọ́ àwòrán kíkùn jókòó sórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kí ó máa wo àwòrán tí ẹlòmíràn ti kùn, kí ó sì máa dà á kọ. Bí olùkọ́ kan bá kó àwọn ọmọ jáde lọ sí abẹ́ igi tàbí sí etí odò pẹ̀lú bébà àti ọ̀dà, kíá ni wọn yóò wí pé ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré, pé ọ̀lẹ ni, pé iṣẹ́ ni ó ń sá fún. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ wí ni pé ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní àwòrán nínú ìyàrá nìkan kò tí ì kọ́ ọ ní nǹkan, àti pé ìgbádùn tí ń bẹ nínú kíkun àwòrán lẹ́bàá omi àti nínú ọgbà, èyí tí àwọn alátakò wa sọ di ẹ̀sùn, òun gan-an ni olùkọ́ tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo èso tí ẹ̀kọ́ àdàkọ ń so. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a wọ̀, tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀, níbi tí a gbé fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ kọ́ ara ògiri láti fi yangàn fún àlejò. Àwòrán bí ogójì ni a kà níbẹ̀. Ilé kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn, ilé tí èéfín ń ti orí òrùlé rẹ̀ jáde, tí yìnyín funfun bo ilẹ̀ àyíká rẹ̀, tí igi kan tí kò ní ewé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí. Ṣùgbọ́n lójú fèrèsé ìyàrá yẹn gan-an ni igi pánṣẹ́kẹ́ kan gbé tanná pupa bí iná, ìtànná rẹ̀ sì ti já bọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi pọ́n. Kò sí ẹni tí ó kùn ún. Nígbà tí a béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí olùkọ́ fún wa ni pé igi náà kò sí nínú ìwé.

Lóde òní, ìwé pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Fóònù ni ọmọ ń gbé kalẹ̀ níwájú tí ó sì ń da àwòrán inú rẹ̀ kọ. Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí a máa wí pé fóònù kò lè purọ́, nítorí pé ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń mú. Wọn kò rò ó dé ìdí. Ẹ gbé e síta ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ya igi ìrókò kan tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: bí ó bá mú ojú ọ̀run dáradára, igi a dúdú bí èédú; bí ó bá sì mú igi dáradára, ojú ọ̀run a funfun bí ẹfun, gbogbo ẹwà àwọsánmà a sì pòórá. (Àwọn fóònù tuntun a máa fi ọgbọ́n ara wọn pa àwòrán púpọ̀ pọ̀ sí ọ̀kan láti bo àléébù yìí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ irọ́ mìíràn.) Ojú ènìyàn tí ó dúró síbẹ̀ ni ó ń wo igi, tí ó ń wo ọ̀run, tí ó sì ń fi méjèèjì wé ara wọn. Ìròyìn kò tó àfojúbà ni àwọn bàbá wa wí. Ìròyìn sì ni àwòrán inú fóònù.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì mú ọmọ mẹ́wàá lọ sí etí odò kan ní òwúrọ̀. Kí ó tó mú wọn lọ, kí ó bi wọ́n léèrè pé àwọ̀ wo ni omi ní. Àwọn kan yóò wí pé omi kò ní àwọ̀, àwọn ìyókù yóò sì wí pé àwọ̀ ojú ọ̀run ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé etí odò, ojú wọn yóò là. Wọn yóò rí i pé lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, omi mọ́ gaara, iyanrìn àti òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn. Ní ọ̀kánkán, ìsàlẹ̀ kò hàn mọ́, ojú ọ̀run ni ó tẹ́ sórí omi bí aṣọ. Síbẹ̀, níbi tí ẹ̀ka igi bá gbé ta bo omi, ìsàlẹ̀ odò tún padà hàn nínú òkùnkùn ẹ̀ka náà. Wọn yóò rí i pé ọkọ̀ tí a fi ọ̀dà funfun kùn, àwòrán rẹ̀ nínú omi kò funfun tó òun tìkára rẹ̀, àti pé ìtì igi dúdú, àwòrán rẹ̀ nínú omi kò dúdú tó o. Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú ìwé tí ó tó èyí?

Ti ewé náà kò yàtọ̀. Ọmọ tí ń ṣe àdàkọ ní àwọ̀ ewé kan ṣoṣo nínú àpótí ọ̀dà rẹ̀, òun náà ni yóò sì fi kun gbogbo igi ayé. Ẹ mú un lọ jókòó nínú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá wá sí ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé a fi òróró sí i. Ewé tí ó tẹ́jú tí ó ń dán sókè yóò ràn bí àyìnrín, nítorí ojú ọ̀run ni ó ń wò. Èyí tí ó wà lábẹ́ òjìji yóò ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi rò pé aró ni. Igi kan náà ni gbogbo wọn wà. Aṣọ funfun tí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò sì funfun: ewé ti kun ún.

Gbogbo èyí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Omi kì í ṣàn kí ó bojú wẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kò sì ní sùúrù ju omi lọ. Ọmọ tí ó bá ń kun odò mọ̀ pé bí òun bá jáfara, òjìji tí òun ń kùn yóò ti yí padà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wo, kí ó yàn, kí ó pinnu, kí ó sì fi ọ̀dà lé bébà láìbẹ̀rù. Àwọn tí ń pe èyí ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì í fún wákàtí kan péré.

Wọn a tún máa wí pé eré àwọn òyìnbó olówó ni. Ìtàn kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilé ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá ti ń parí iṣẹ́ wọn, tí wọn a sì máa tọ́jú ọ̀dà olóròró sínú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ń bẹ́, tí ń jò, tí ń gbẹ. Ní ọdún 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, ṣe àwárí àpò tánńganran tí a lè fi ìka tẹ̀ kí ọ̀dà jáde, tí a sì lè tún dé. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn láti gbé ọ̀dà lọ sí oko. Síbẹ̀, kí èyí tó dé, àwọn onítara ti ń jáde. Ní ọdún 1821 àti 1822, John Constable, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń dúró lórí òkè Hampstead lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kun àwọsánmà nìkan, ó sì ń kọ ọjọ́ àti wákàtí àti ibi tí afẹ́fẹ́ gbé ń fẹ́ wá sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán náà. Bí olùkọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ bá ṣe irú èyí, a ó yìn ín. Nígbà tí ó jẹ́ ayàwòrán ni ó ṣe é, a ní ó ń ṣeré.

Ní ti Claude Monet, ará Faransé, òtòṣì ni ní ọdún 1866 nígbà tí ó pinnu láti kun àwòrán àwọn obìnrin nínú ọgbà kan, kì í sì í ṣe àwòrán kékeré, nítorí ó ga ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Kò fẹ́ kùn ún nínú ilé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọgbà kò sí nínú ilé. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó òkè àwòrán náà láìjẹ́ pé ó kúrò lójú kan, ó gbẹ́ kòtò sínú ọgbà, ó sì ń fi okùn sọ àwòrán náà kalẹ̀ sínú rẹ̀, tí ó tún ń fà á sókè. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kòtò gbígbẹ́? Ní ọdún 1867 ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ayàwòrán ní Paris kọ̀ láti fi àwòrán náà hàn. Ní ọdún 1870 ó kun àwòrán etí òkun ní Trouville. Ilé àkójọ àwòrán ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, bí a bá sì wò ó dáradára, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lé e lórí lọ́jọ́ náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Paris ní ọdún 1874, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n rín.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù lọ nínú ọ̀ràn Monet kò tí ì dé. Ní ọdún 1883 ó kó lọ sí Giverny, abúlé kan lẹ́bàá odò Seine. Ní ọdún 1893 ó ra ilẹ̀ àbàtà kan níbẹ̀, ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya omi ìṣàn kékeré kan wọ inú rẹ̀, kí òun lè gbin ewéko omi. Àwọn ará abúlé ta kò ó: wọ́n ní ewéko àjèjì yìí yóò ba omi àwọn jẹ́. (Ẹ rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a gbé ń bá ayàwòrán jà nítorí omi.) Níkẹyìn wọ́n gbà fún un, adágún náà sì di ibi tí ó ń kùn títí ó fi kú ní ọdún 1926. Àwòrán bí 250 ni ó kùn nípa ewéko kan ṣoṣo tí ó léfòó lórí omi náà. Mẹ́jọ nínú wọn tí ó tóbi jù lọ ni a fi bo ògiri ìyàrá ńlá méjì ní Paris, tí a ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1927.

Ewéko wo ni? Òṣíbàtà ni. Bí kì í bá ṣe irú tiwa gan-an, ìbátan tiwa ni. Òṣíbàtà tí ó wà nínú odò ilẹ̀ wa, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà pé kí a máa lékè bí ó ti ń lékè omi! Àdúrà yìí wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ogún olùkọ́ léèrè bóyá etí ewé òṣíbàtà jọ̀lọ̀ ni tàbí ó rí bí eyín ayùn, bóyá inú òdòdó rẹ̀ funfun ni tàbí ó pọ́n, ẹ ó sì rí bí wọn yóò ti máa wo ara wọn lójú. Ọkùnrin kan ní òkèèrè fi ọgbọ̀n ọdún wo ohun tí àwa kò fi wákàtí kan wò.

Alátakò tí ó gbọ́n yóò dá wa dúró níhìn-ín, yóò sì wí pé inú ilé ńlá kan tí Monet kọ́ fún iṣẹ́ náà ni ó gbé kun àwọn àwòrán ńlá wọ̀nyí, kì í ṣe etí omi. Òótọ́ ni, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa wọ inú ilé yẹn, ó ti jókòó ti adágún náà tó bí ogún ọdún. Ẹni tí ó ti rìn lórí òkun lè jókòó sílé sọ̀rọ̀ òkun. Ọmọ tiwa kò tí ì kúrò nílé rí.

Ẹlòmíràn a sì wí pé kíkun àwòrán lọ́nà yìí kò bá àṣà wa mu, pé èdè wa gan-an kò mọ̀ ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun àti pupa àti dúdú. Ẹni tí ó sọ èyí kò dé ọ̀dọ̀ aláró rí. Kí ó lọ gbọ́ bí wọ́n ti ń ya àyìnrín sọ́tọ̀ kúrò lára aró tí ó ṣú. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò nílò ìwé àdàkọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ta ẹ̀kọ sára aṣọ, ohun tí wọ́n sì ń kùn ni ohun tí ó wà ní àyíká wọn: ẹyẹ, ewé, alángbá, àkèekèe. Nígbà tí a ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, kò pẹ́ tí àwọn òpó rẹ̀ fi wọ inú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti yíjú síta kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ́ wọn.

Wọn yóò sì dárúkọ Olóyè Àìná Ọnàbólú fún wa. Wọn yóò ní ṣebí nípa dída àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ní kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni. A bí i ní ọdún 1882, kò sì sí olùkọ́ àwòrán kan tí ó lè tọ̀ lọ nígbà náà. Ẹni tí kò ní kànga kò lè kọ omi òjò. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1906, nígbà tí ó kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni iṣẹ́ náà dá lé, obìnrin Èkó tí àwọn ará ìlú mọ̀, kì í ṣe àwòrán inú ìwé. Òun náà ni ó sì jà títí tí ìjọba fi gbà kí a máa kọ́ni ní àwòrán nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ dí ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ nínú ìyàrá kò mọ ohun tí ó jà fún.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ńlá ti ìjọba Faransé ní Paris kò gba obìnrin wọlé títí di ọdún 1897. Berthe Morisot kò dúró dè wọ́n. Ọgbà àti etí omi ni ó sọ di ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1869 ó kun èbúté Lorient, ní ọdún 1881 ó kun ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ nínú ọgbà wọn ní Bougival, ó sì wà nínú àwọn tí ó pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ọdún 1874. Kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ obìnrin tí ń rò pé abẹ́rẹ́ nìkan ni ó yẹ ọwọ́ ọmọbìnrin ronú sí i.

Wàyí o, ìgbádùn. Àwọn alátakò wa a máa sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè. Wọ́n rí ọmọ tí ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá odò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lára, lékeléke ń rìn létí omi níwájú rẹ̀, àwọn obìnrin ń fọṣọ lókè odò tí ohùn wọn ń bá omi wá, kò mọ̀ pé wákàtí kan ti kọjá, kò rántí pé ebi ń pa òun. Ojú rẹ̀ ń dán. Wọ́n sì pinnu pé ohun tí ó dùn tó báyìí kò lè jẹ́ ẹ̀kọ́. A ti rí ọmọ tí a fi pàṣán kọ́ ní ìṣirò tí ó sì mọ̀ ọ́n, a kò lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n a kò tí ì rí ẹni tí a fi pàṣán kọ́ bí a ti ń wo nǹkan. Ojú tí ìbẹ̀rù bá wà nínú rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ó ń wò, kì í wo odò.

Ẹni tí kò bá sì wo odò kì yóò mọ̀ nígbà tí odò bá yí padà. Láti bí ọdún 2021 ni ìròyìn ti ń tàn kálẹ̀ pé omi odò Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò ni a sì ń dá lẹ́bi. Odò yìí ni ó ń ṣàn kọjá nínú igbó Òṣogbo tí gbogbo ayé kà mọ́ ohun ìní aráyé ní ọdún 2005. Ẹ rò ó wò: bí ó bá jẹ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní bèbè odò náà ti ń kó àwọn ọmọ jáde lọ kùn ún lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn bébà bí Constable ti ṣe, ẹ̀rí wo ni ìbá tó èyí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú? Àwọ̀ omi ìbá wà nílẹ̀ lọ́dún dé ọdún, láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó fi ojú ara wọn rí i. Dípò èyí, ilé oníyìnyín ogójì ni a ní.

Àwọn méjì ni ó kù nínú ẹ̀sùn wọn, ewu àti owó. Ewu omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: kí àwọn ọmọ jókòó jìnnà sí bèbè, kí a máa kà wọ́n, kí àgbàlagbà méjì wà pẹ̀lú wọn, bí odò ibẹ̀ bá sì le, agbada omi kan lábẹ́ igi inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ọ̀run kò kọ agbada. Ní ti owó, èédú wà ní ilé ìdáná, osùn àti ẹfun wà lọ́jà, aró wà lọ́dọ̀ aláró.

Ohun kan ni a fẹ́ kí olùkọ́ tí ó bá gbà fún wa mọ̀ kí ó tó tò ó sínú ìwé àkókò rẹ̀. Kí ó má ṣe fi iṣẹ́ òṣíbàtà sí ẹ̀yìn ìgbà ìsinmi ọ̀sán. Òṣíbàtà wa a máa tanná láti ìrọ̀lẹ́, a sì wà ní ṣíṣí mọ́jú. Bí oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, a pa òdòdó rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a ní ṣíṣí gbọ́dọ̀ ti jókòó sétí omi kí aago tó lu méje.